Ràmọ́nì Tó Ń Jẹ́ Kí Omi Lọ

Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń wá lórí òkìtì pàǹtí. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Èmi Ògúndèjì, ọmọ Ìṣẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà típà ni mí ní ibùdó òkúta mábù kan tí wọ́n ṣí lójú ọ̀nà Ṣakí sí Tẹ̀dé ní ọdún 1978. Òkúta funfun ni wọ́n ń wá níbẹ̀, èyí tí àwọn olówó ń tẹ́ sílẹ̀ pálọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó ba èyí tó funfun, ẹ ó ti wú ilẹ̀ pupa, ẹ ó ti fọ́ òkúta burúkú, ẹ ó ti jẹ eruku yó. Gbogbo èyí tí kò wúlò yẹn là ń pè ní pàǹtí, èmi ni mo sì ń kó o lọ dà. Bí wọ́n bá bi ìyàwó mi nígbà náà pé iṣẹ́ wo lọkọ rẹ̀ ń ṣe, á ní ó wà ní kọ́ńpìnnì. Kò jẹ́ sọ pé pàǹtí ni mò ń kó.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń dúró dè mí níbi tí mo ti ń da ẹrù. Ràmọ́nì lorúkọ rẹ̀. Á dúró lórí òkìtì pàǹtí pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́, á júwe ibi tí mo máa fẹ̀yìn típà sí, á lu ara mọ́tò gbà-gbà-gbà bí ó bá ti tó. Màá da ẹrù mi, màá yí padà, á wá ku òun nìkan lórí òkìtì. Bí típà bá bàjẹ́, ó lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìrí ẹni tó máa kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ará Otu ni, àgbẹ̀ oníṣu ni tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àwáwù, bímọ fún un, àwọn ọmọ náà kò dúró. Nígbà tó yá, Àwáwù palẹ̀ mọ́, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Ràmọ́nì kò bá a jà. Ó fi oko sílẹ̀, ó wá gba iṣẹ́ àsíá. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa: àgbàlagbà tí kò lọ́mọ láyé, kí lẹ máa pè é? Ẹ ò lè pè é ní Ràmọ́nì lásán, kò sì sí orúkọ ọmọ tẹ́ ẹ máa fi pè é. Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá sọ ọ́ di Bàbá Olókìtì. Ó ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, kò dùn mọ́ ọn.

Ẹ́ńjiníà wa nígbà náà ń jẹ́ Ayọ̀dèjì, ọ̀dọ́mọkùnrin tínńrín kan tó máa ń ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ bọ inú bàtà. Òun ló ṣètò òkìtì náà. Àwa rò pé pàǹtí dídà kò ní ọgbọ́n nínú: wá ibi tó ní kòtò, dà á síbẹ̀, ó parí. Ayọ̀dèjì ní rárá o. Kí típà kankan tó da ohunkóhun, ó ní ká ha ilẹ̀ rírọ̀ àti gbòǹgbò igi kúrò títí a fi kan ilẹ̀ líle. Ìsun omi kékeré kan wà ní àfonífojì náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i. Òkúta ńláńlá tí kò ní erùpẹ̀ lára ló ní ká tò lé e lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí omi lè máa gba àárín wọn lọ lábẹ́ òkìtì, kó sì jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí àwọn òkúta yìí la ti wá ń da pàǹtí ní ipele-ipele. Kátápílà á tẹ ipele kan mọ́lẹ̀, a ó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí a tó gbé òmíràn lé e, tó fi dà bí àtẹ̀gùn. Ó la gọ́tà yí òkè rẹ̀ ká kí àgbàrá tó ń ti orí àpáta bọ̀ má bàa wọ inú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí orí òkìtì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi òjò má bàa rí ibi jókòó.

Ọwọ́ àgbẹ̀ kò kọ́kọ́ jẹ́ kí Ràmọ́nì gbọ́. Bí Ayọ̀dèjì bá ti yíjú, á fi ọkọ́ gbé ẹ̀gbẹ́ òkìtì dìde, á gbá a létí gbọn-ọn-gbọn, á dúró ṣánṣán. Lọ́jọ́ kan, Ẹ́ńjiníà bá a níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ebè kọ́ là ń kọ o. Ẹ ò ní gbin iṣu síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn."

"Èyí tó dúró ló dáa lójú, sà."

"Èyí tó sùn ni kì í wó." Ó wá tọ́ka sí ìsàlẹ̀, níbi tí Abà Ládòkun wà, ilé bí ogún tí páànù rẹ̀ ń tàn lábẹ́ wa. "Ẹ wo àwọn yẹn. Bí òkìtì yìí bá fẹ́ lọ, ọ̀dọ̀ wọn ló máa lọ. Ìwúwo kọ́ ló ń wó òkìtì, Bàbá. Omi ni. Èyí tó bá ń lọ kò ní wàhálà. Èyí tó bá dúró sínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Iṣẹ́ yín ò ju pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi lọ."

Ràmọ́nì gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá dá báyìí, ẹ ó rí i tó ń kó ewé kúrò nínú gọ́tà, tó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu àwọn òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ òkìtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982, kọ́ńpìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n gbé Ayọ̀dèjì lọ sí ibòmíràn, wọn kò sì fi ẹnì kankan rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ló kù fún Ràmọ́nì.

Ó kọ́ ahéré kan sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì, ó ń gbé ibẹ̀. Ààwẹ̀ ọdún náà, mo bá a nírọ̀lẹ́ kan tó jókòó ti abọ́ ògì, tó ń dúró de ohùn Ládàánì láti Abà Ládòkun. Nígbà tí wọ́n pè é, à ń gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń hó ìhó ìsínu nísàlẹ̀, tí àwọn ìyàwó ń pe ara wọn láti ojúde sí ojúde. Ràmọ́nì gbé ògì rẹ̀ sẹ́nu, ó ní, "Ògúndèjì, kí lẹ pe àbúrò Sànmí?" Mo ti sọ orúkọ àwọn ọmọ mi fún un tó ìgbà mélòó kan. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Kí n má tíì lọ ló ń fẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi, nítorí ilẹ̀ ń ṣú, mo fẹ́ lọ jẹun.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé lọ́dún 1983, ẹni tó wà láyé kò ní gbàgbé rẹ̀. Ọyẹ́ kò lọ bọ̀rọ̀. Iná jó ìgbẹ́, ó jó àká àgbàdo, ó jó abà. Kànga Abà Ládòkun gbẹ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà gbẹ. Ibi kan ṣoṣo tí omi ti ń yọ lágbègbè náà ni ẹsẹ̀ òkìtì wa, láàárín àwọn òkúta tí Ayọ̀dèjì ní ká tò. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò dá, ó sì mọ́ gaara.

Àwọn obìnrin gbọ́, wọ́n dé. Wọ́n gbé garawa, wọ́n gbé agbè, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Ẹ wo Ràmọ́nì lọ́sẹ̀ náà! Ó gbálẹ̀ ọ̀nà, ó gé àtẹ̀gùn sí ibi tó ń yọ̀, ó gbé igi ìjókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ra fìlà tuntun. Mo ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé ni?" Ó ní kí n lọ da pàǹtí mi. Orúkọ tuntun ni àwọn obìnrin náà sọ ọ́, Bàbá Olómi, wọ́n sì ń kí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pé ó kú ìtọ́jú, pé Ọlọ́run á tọ́jú òun náà. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú mọ́tò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín sókè.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àdìjátù, Ìyá Fàtímọ̀, opó tí ilé rẹ̀ ni àkọ́kọ́ lábẹ́ òkìtì. Obìnrin tó mọ ẹ̀fẹ̀ ni. Ó máa ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà bọ̀ fún Ràmọ́nì, á ní èyí tó jóná ni òun gbé wá nítorí àwọn tó kù ti jẹ èyí tó dáa. Èyí tó dáa ló máa ń jẹ́. Ìyá Àdìjátù kú nínú ọyẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàájì Ràsáàkì, tó ń ta aṣọ láti ìhà Kútọnu wá sí Ṣakí, fẹ́ ṣe ohun ńlá fún ìyá wọn. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn mùsùlùmí gbà pé ẹni tó bá pèsè omi nítorí òkú rẹ̀, sàráà náà kì í tán: gbogbo ẹni tó bá mu nínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fi ṣe àlùwàlá, òkú ń gba láádá rẹ̀. Àlàájì ra símẹ́ńtì, ó mọ ògiri kan yí ẹnu àwọn òkúta náà ká, kí omi lè pọ̀ síbẹ̀ fún gbogbo abà. Lèmọ́mù ṣe àdúà sí i. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ bá wọn po símẹ́ńtì.

Ohun kan ló bẹ Àlàájì, pé kó fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri kí omi lè máa jáde. Àlàájì kò jiyàn. Ó fi ihò sílẹ̀, ó sì fi igi tí wọ́n wé ní àkísà dí i. Ó ní nígbà tí omi bá pọ̀ jù, kí wọ́n máa yọ ọ́.

Ta ní í da omi nù ní Òkè-Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ wa, kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti gbá a lọ́wọ́ nítorí pé ó da àjẹkù omi sílẹ̀. Ràmọ́nì á yọ igi náà nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ á rí omi tó ń ṣòfò, á pariwo, á fi igi náà padà. Kì í ṣe ìkà. Ẹni tó ń dí i gan-an rò pé òun ń ran òkú lọ́wọ́. Omi dúró, ó kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà padà sábẹ́ òkìtì.

Ní àsìkò yìí kan náà ni Ràmọ́nì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ bí ọmọdé. Ó ní Ìyá Fàtímọ̀ ní tí àdúà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀ bá ti kọjá, kí òun rán àgbààgbà lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Àlàájì. Ó ní òun kò ní ẹbí nítòsí, ṣé màá bá òun lọ. Èmi, tí ọ́ìlì kì í kúrò lára aṣọ mi! Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní wọ́n á rò pé típà la fẹ́ fi san ìdáná. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo lọ gba agbádá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ de ọjọ́ náà.

Láìpẹ́ sí i, táyà ẹ̀yìn mi rì níbi tí kò yẹ kó ti rì. Ràmọ́nì ju àsíá, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti là níwájú táyà, ó fẹ̀ tó èyí tí ọwọ́ rẹ̀ fi wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ̀gbẹ́ òkìtì. Ibi tí kò tutù rí ti ń tutù, koríko ti hù níbi tí a kò gbin nǹkan kan sí, àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ sì ti wú síta díẹ̀, bí ikùn aboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú lójú ọ̀run.

"Omi ti jókòó sínú ẹ̀," ló sọ.

Ó lọ bá akọ̀wé wa, Festus. Festus ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn, èsì kò wá. Ló bá ní kí n sin òun lọ bá Àlàájì. Àlàájì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá, inú ògiri náà ni wọ́n sì ti bù ú.

"Àlàájì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká wó ògiri yìí. Òkìtì fẹ́ ya."

"Òkìtì tí kátápílà ti ń tẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá? Omi àlùwàlá ló máa wó o?"

"Ẹ wá fojú yín rí i."

"Mo máa wá. Àmọ́ Ọjọ́ Àìkú ni ogójì ọjọ́ ìyá wa. Àwọn àlùfáà ń bọ̀ láti Ṣakí, etí omi yẹn ni wọ́n ti máa ṣàdúà. Ṣé kí wọ́n wá bá àfọ́kù ni? Ẹ ní sùúrù, Bàbá Olómi. Lẹ́yìn ẹ̀, a ó jọ wò ó."

"Òjò ò mọ ogójì ọjọ́, Àlàájì."

Àlàájì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá rẹ̀ ló ń dùn ún. Àdìjátù sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàbá Olómi, ẹ jẹ́ kí ìyá mi gba láádá tiẹ̀ di Ọjọ́ Àìkú. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín nìyí." Ràmọ́nì wò ó, ó wo òrùlé ilé rẹ̀, ó wo òkìtì tó dúró lẹ́yìn ilé náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo gbé ẹrù àkọ́kọ́ dé, kò júwe fún mi. Ó gbé àsíá lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má ṣe da ohunkóhun, ó mú òòlù ńlá, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní, "Bàbá, ẹ rò ó dáadáa o." Ó ní òun ti rò ó. Oòrùn ti là, gbogbo ayé lè rí i. Ó bọ́ fìlà tuntun náà, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó sì gbé òòlù sókè.

Ògiri náà kò tètè fọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló po símẹ́ńtì rẹ̀ dáadáa. Àlàfo àkọ́kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nígbà tí Àdìjátù yọ pẹ̀lú garawa lórí àti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Ó dúró. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo.

"Ẹ ò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta péré?"

"Kò lè dúró, Ìyá Fàtímọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ràmọ́nì gbé òòlù nílẹ̀. Mo fẹ́ kó sọ pé ó dá òun lójú, pé Ẹ́ńjiníà ló kọ́ òun. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ó lè dúró. Àmọ́ mi ò lè fi ilé yín dán an wò."

Àdìjátù wo ibi tí wọ́n ti ṣàdúà sí fún ìyá rẹ̀, bó ṣe ń ya lulẹ̀. Ó sọ garawa kalẹ̀ lórí, ó yíjú, ó sì ń lọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ náà lọ́wọ́. Ràmọ́nì wò ó títí ó fi wọ ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn náà ló tún gbé òòlù. Nígbà tí ògiri tán nílẹ̀, omi ṣàn jáde, ó pupa bí ẹrẹ̀ kí ó tó mọ́, ó sì ń ṣàn bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kò dín kù.

Òjò bọ́ lálẹ́ Àbámẹ́ta. Ó ká páànù ní Tẹ̀dé, ó wó ògiri ilé ìwé kan, ó gbá afárá igi tó wà lójú ọ̀nà wa lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkìtì wa wà níbi tó wà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò yẹ̀, omi ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí Ayọ̀dèjì ṣe fẹ́ kó máa jáde.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n wá dúpẹ́? Àwọn àlùfáà dé, wọ́n ṣàdúà létí àfọ́kù símẹ́ńtì. Gbogbo abà gbójú sókè wo òkìtì, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Òkìtì ò wó. Irọ́ ló ń pa." Pé kò wó yìí gan-an ni wọ́n fi mú un ní òpùrọ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ọkùnrin kan nílé oníbùrẹ́dì nítorí rẹ̀. Mo ní ẹni tó gbà yín lẹ̀ ń bú yìí. Ó ní, ó gbà wá lọ́wọ́ kí ni? N kò rí nǹkan kan tọ́ka sí. Inú bí mi débi tí ojú mi fi ṣú.

Kò sí ẹni tó tún gun ọ̀nà náà wá. Òjò ti rọ̀, wọn kò nílò omi. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, Àlàájì ti gbẹ́ kànga jíjìn sí àárín abà, ó sọ ọ́ lórúkọ ìyá rẹ̀. Fìlà Ràmọ́nì wà lórí ẹ̀ka máńgòrò títí ó fi ṣá nínú oòrùn. N kò bi í ìdí tí kò fi mú un. Mo dá agbádá ẹ̀gbọ́n mi padà.

Kọ́ńpìnnì kógbá wọlé ní 1986. Mo lọ ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù, ọdún bíi méjì sì kọjá kí ọ̀nà Ṣakí tó tún gbé mi gba ibẹ̀. Mo yà. Koríko ti bo òkìtì náà láti òkè délẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ pé pàǹtí ni bí wọn kò bá sọ fún yín. Mo rò pé màá bá ahéré tó ti wó. Ràmọ́nì ni mo bá, orí rẹ̀ ti funfun, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkìtì, ó ń fi ọkọ́ ha ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu àwọn òkúta.

"Bàbá, ta ló gbé iṣẹ́ yìí fún yín? Kọ́ńpìnnì ti lọ."

"Òjò ò lọ," ló dá mi lóhùn. Ó kí mi, ó béèrè Sànmí, ó béèrè àbúrò rẹ̀ lórúkọ. A jókòó lórí igi ìjókòó tó gbé sábẹ́ máńgòrò fún àwọn obìnrin nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹnu mi kò gbà á, mo bi í bóyá Ìyá Fàtímọ̀ ti mọ̀ báyìí, bóyá ẹnikẹ́ni ti là á yé e.

"Kí ló máa mọ̀? Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀."

Oòrùn ti ń wọ̀. Nísàlẹ̀ wa, ní ilé àkọ́kọ́, obìnrin kan jáde, ó ti sanra díẹ̀, ọmọdé méjì ń sáré tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò. Kò gbójú sókè. Ràmọ́nì na ọwọ́ kàn mí léjìká, ó fi ẹnu júwe èéfín tó ń rú bọ̀ lórí páànù náà.

"Ẹ wò ó," ló ní, "wọ́n ti ń dáná."